Bí three turn ṣe wọ̀ mí lẹ́sẹ̀

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń kọ́ skate, tí three turn ń yọ lẹ́nu, ẹ gbọ́ bí tèmi ṣe yanjú. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni: a ó máa lọ síwájú lórí etí òde bàtà, a ó yí, a ó wá máa fi ẹ̀yìn lọ lórí etí inú. Lórí yìnyín, ipa ẹsẹ̀ náà máa ń dà bí òǹkà 3. Orí kọnkéré l'Óṣogbo níbí ni èmi ti ń fi bàtà onítáyà mẹ́rin ṣe tèmi.

Yíyí gan-an kọ́ ni wàhálà. Lẹ́yìn tí mo bá yí tán, ara á tún máa lọ bí òkòtó, ẹsẹ̀ kejì á já lulẹ̀. Ọmọ kan tó ń wò mí ló pariwo pé, “Mọ́mì, èjìká yín ló ń tì yín o!”

Òótọ́ ni. Kí ẹsẹ̀ tó yí, àyà àti apá ló ń kọ́kọ́ lọ́ síbi tí à ń yà sí. Gbàrà tí ẹsẹ̀ bá yí, kí èjìká fà sí òdìkejì, kó dá a dúró. Mo di irin wíńdò mú nílé, láì wọ bàtà, mo ń lọ́ àyà títí ìbàdí fi gbọ́ràn. Orúnkún ń tẹ̀, ó ń nà díẹ̀ lásìkò yíyí, ó tún ń tẹ̀. Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ìwúwo wà.

Mo tún fi sípánà dẹ nọ́ọ̀tì abẹ́ bàtà díẹ̀, torí ó le jù láti tẹ̀ sétí. Ẹ má dẹ̀ ẹ́ jù o! Kọnkéré ò mọ àgbà.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti gbà. Tòsì ṣì ń ṣagídí.