Bí akẹ́kọ̀ọ́ Law School ṣe lè kọ́ṣẹ́ ní kóòtù

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ kàwé gboyè òfin ní Àkọkà (UNILAG) tàbí Ọ̀jọ́ (LASU), tẹ́ ẹ ti wọ Law School, ilé-ẹ̀kọ́ tí èèyàn ń lọ lẹ́yìn yunifásítì kó tó di lọ́yà, báyìí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Mo máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ ní ṣáńbà mi, ìyẹn ọ́fíìsì lọ́yà, ní Èbúté-Mẹ́tà. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ní kí wọ́n rà ni ìwé-àkọsílẹ̀ tó nípọn.

Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni Bar Final, ìdánwò àṣekágbá Law School: Civil (ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn), Criminal (ẹjọ́ ọ̀daràn), Property (dúkìá), Corporate (ilé-iṣẹ́) àti Ethics (ìwà tó yẹ lọ́yà). Èyí tẹ́ ẹ bá ti ṣe tó kù díẹ̀ káàtó jù lọ ló ń pinnu èsì yín. Ẹni tó gba máàkì fáàsì kíláàsì nínú mẹ́rin, tó wá gba "pass" (ìyẹn, ó kàn yege lásán) nínú Property, "pass" ni èsì rẹ̀. Nítorí náà, èyí tó ń dẹ́rù bà yín ni kẹ́ ẹ máa fi àárọ̀ kùtù kà, nígbà tí orí ṣì tutù.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká lọ sí kóòtù. Ẹ tètè dé, kí ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, tó ní àwọn ẹjọ́ ọjọ́ náà nínú. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ àti orúkọ àwọn tó ń ṣẹjọ́ sílẹ̀ kí adájọ́ tó wọlé. Tó bá wọlé, ẹ dìde, kẹ́ ẹ tẹrí ba. Ẹ má jókòó síwájú: ti àwọn SAN (Senior Advocate of Nigeria, àwọn àgbà lọ́yà) ni, àwọn lọ́yà tó wọ gáùn ló sì tẹ̀ lé wọn. Ẹ pa fóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ta ló dúró fún ta, ohun tó béèrè, òfin tó fi tì í lẹ́yìn, èsì ẹnìkejì, ohun tí adájọ́ sọ, àti ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí.

Lálẹ́, ẹ wá òfin tí lọ́yà náà pè, kí ẹ kà á fúnra yín. Tó bá jẹ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹ rántí pé Èkó ní òfin tirẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ACJL (Administration of Criminal Justice Law). ACJA (Administration of Criminal Justice Act) ti 2015 wà fún kóòtù ìjọba àpapọ̀ àti Àbújá. Ẹ má dà wọ́n pọ̀ rárá.

Afidáfíìtì, ìyẹn ìwé ìbúra, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kọ léraléra. Abala 115 Evidence Act 2011 (òfin tó wà fún ẹ̀rí) ló ni í: òtítọ́ tí ẹni tó ń búra mọ̀ tàbí tí wọ́n sọ fún un nìkan ló wọ ibẹ̀. Kò sí àtakò, àdúrà (ohun tí à ń bẹ kóòtù pé kó ṣe), àríyànjiyàn òfin tàbí ìpinnu. Ká ní ìyàwó awakọ̀ dánfó ń búra torí béèlì ọkọ rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́wàá ni ọkọ mi ti wà ní àtìmọ́lé" dára. "Àtìmọ́lé náà lòdì sí òfin" ti di ìpinnu, ẹ yọ ọ́. "Mo bẹ kóòtù kó dá a sílẹ̀" jẹ́ àdúrà. Inú móṣọ̀n, ìwé tí a fi ń bẹ kóòtù, ni àyè rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá ló sọ nǹkan fún un, kó dárúkọ ọlọ́pàá náà, kó sọ ìgbà tó sọ ọ́, ibi tó ti sọ ọ́, àti bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo ti rí afidáfíìtì tí wọ́n ta dànù nítorí èyí, oníbàárà ló sì jìyà rẹ̀.

Kì í ṣe òní ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ yìí nítòsí kóòtù. Ní 1963, akẹ́kọ̀ọ́ 8 ló bẹ̀rẹ̀ Law School ní títì Igbóṣẹrẹ, kí ilé-ẹ̀kọ́ náà tó kó lọ sí Victoria Island ní 1969.

Ẹ jẹ́ kí alábòójútó fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́. Adájọ́ lè lọ sí ìsinmi, ọ̀gá ṣáńbà lè rìnrìn àjò. Tẹ́ ẹ bá padà sí Law School, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àkọsílẹ̀ yín wò á bi yín ní ìbéèrè látinú ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.