Nígbà tí Àkókò Kílíà Bá Ti Kọjá Lórí Ọ̀dà Ọkọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín kun ọkọ̀, alùpùpù tàbí katakata yín, ohun kan wà tó ń ba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ tí ojú kì í tètè rí. Ẹ ti fín àwọ̀, ó jọlọ̀, ó sì dọ́gba. Òjò wá ṣú, tàbí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kọṣẹ́, tàbí kílíà kò tó. Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó di ọ̀túnla kí ẹ tó fín kílíà lé e. Lọ́jọ́ náà, yóò máa dán bíi dígí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Kílíà ni ọ̀dà tó mọ́ gaara, tí a ń po mọ́ hádínà (ohun tó ń mú kí ó le), tí a sì ń fín lé àwọ̀ lórí. Òun ló ń mú ọkọ̀ dán, òun ló sì ń gba oòrùn àti òjò dúró fún àwọ̀ tó wà lábẹ́. Ọ̀dà àwọ̀ fúnra rẹ̀ kò lágbára láti dá dúró níta.

Ìdí tí àkókò fi ṣe pàtàkì nìyí. Àwọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fín kì í gbẹ tán lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni tínà inú rẹ̀, ìyẹn omi tí a fi ń po ọ̀dà kó lè ṣàn, ń jáde. Bí kílíà bá bá a nípò yẹn, tínà inú kílíà á wọnú àwọ̀ lọ díẹ̀, àwọn méjèèjì á sì gbá ara wọn mú. Bí àwọ̀ bá ti gbẹ kọjá ààlà, ojú rẹ̀ ti dí. Kílíà kàn jókòó lé e lórí ni, kò rí ibi dìmú.

Fún ọ̀pọ̀ ọ̀dà àwọ̀ tí a fi tínà pò, nǹkan bíi wákàtí 24 ni àwọn tó ṣe é máa ń fún wa láti fín kílíà lé e. Ti òmíràn kéré sí i, ti òmíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé àlàyé ọ̀dà tí ẹ rà gan-an ni kí ẹ tẹ̀lé, kódà bí ó bá yàtọ̀ sí èyí tí mo kọ yìí. Ẹ rántí pé ìwọ̀n ooru 20°C ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò iye wákàtí tó wà nínú ìwé náà. Níbi tí ooru bá ti ju èyí lọ, àwọ̀ a tètè gbẹ.

Mo ti jìyà rẹ̀ rí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú kan ni. Mo fín àwọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mo padà wá fín kílíà lọ́jọ́ Ajé, aṣọ ni mo kàn fi nu eruku ojú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin, òkúta kékeré kan ta bà á. Ojú ibi tó bà kò ju orí ìṣó lọ. Mo fi èékánná họ etí rẹ̀, kílíà dìde. Mo fà á, ó sì ń bọ̀ ní odindi, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi nylon, bí ìgbà tí ejò bá bọ́ awọ. Àwọ̀ dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀ wà bó ṣe wà, kò bà jẹ́ rárá. Nígbà tí ẹ bá rí irú ìyẹn, kì í ṣe kílíà ni kò dára. Kò sí ohun tó so ó mọ́ àwọ̀ ni.

Ohun tí ẹ ó ṣe

Bí àkókò náà bá ti kọjá, ẹ má tíì fín kílíà. Ẹ kọ́kọ́ nu ọ̀rá àti òógùn ọwọ́ kúrò, kí ẹ tó fọwọ́ kan sánpépà, torí bí ẹ bá ha ọ̀rá mọ́ ọn, ẹ ti rì í mọ́ inú àwọ̀ nìyẹn. Omi tí wọ́n ń tà fún nínu ọ̀rá lára ọkọ̀ ni kí ẹ lò: aṣọ kan tó tutù, aṣọ kejì tó gbẹ tó ń tẹ̀ lé e kí omi náà tó gbẹ. Ẹ dán an wò níkọ̀rọ̀ kan ná. Bí àwọ̀ bá ń ràn mọ́ aṣọ, omi náà ti le jù. Ẹ má fi tínà lásán nù ún láé.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi àti sánpépà 800 tàbí 1000 ha á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, títí gbogbo ojú rẹ̀ fi ṣú. Ibi tó bá ṣì ń dán, ẹ kò tíì dé ibẹ̀. Ní etí àti igun, ẹ lo kànhìnkànhìn ìhadà aláwọ̀ eérú, torí ibẹ̀ ni sánpépà ti máa ń já àwọ̀ dé práímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá fín àwọ̀ tuntun lé e, ipele kan tó fẹ́lẹ́ tó sì kárí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ fo ibí yìí, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ má fò ó. Àwọ̀ tuntun yìí ló máa bo ojú ibi tí ẹ ha, òun náà ló sì máa fún kílíà ní ibi tó lè dì mú. Bí àwọ̀ yín bá jẹ́ irú èyí tó ń tàn yinrinyinrin, dandan ni. Èérún alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Sánpépà ti ha wọ́n, ti tú wọn ká. Bí ẹ bá fín kílíà sórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ojú ibi tí sánpépà ha ni yóò hàn ketekete bí oòrùn bá ràn, kò sì sí bí ẹ ṣe máa mú un kúrò láìtún iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí tínà inú àwọ̀ tuntun náà jáde títí ojú rẹ̀ yóò fi ṣú jálẹ̀, ó sábà máa ń tó ìṣẹ́jú 15 sí 30. Ẹ má kánjú níhìn-ín náà, torí tínà tó bá há sábẹ́ kílíà á hó jáde ní ihò wínníwínní. Nígbà náà ni kí ẹ wá fín kílíà, ipele méjì, kí ẹ sì po hádínà ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo.

Hádínà kì í ṣe ohun ìṣeré

Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní isocyanate wà nínú hádínà kílíà. Ó lè dá asímà sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní i rí, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti kọ̀ ọ́ kì í lè sún mọ́ ọn mọ́ láìṣàìsàn. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò lè dá a dúró. Ìbomú tó ń gba afẹ́fẹ́ tútù láti ibòmíràn ló dára jù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, kí àwọn ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn jìnnà síbẹ̀. Bí ẹ kò bá ní irú ìbomú yẹn, ẹ gbé iṣẹ́ kílíà fún ẹni tó ní i.

Bí ẹ bá ti fín in kí ẹ tó ka èyí

Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Níbi tí kò hàn síta, ẹ fi abẹ fa ìlà mẹ́fà ní ìbú, mẹ́fà ní òró, kó dà bí àwọ̀n kékeré. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ sì já a kíá. Bí kílíà kò bá tẹ̀ lé téèpù, ẹ máa lò ó, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣọ́ etí rẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ lé e, ẹ má fín kílíà mìíràn lé e. Ẹ ha gbogbo èyí tó wà lórí páànù náà kúrò, kì í ṣe ibi tó ṣí nìkan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀.