Bí ajá yín bá ń ké lóru
Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá, bí tiyín bá ń ké, tó ń ha ilẹ̀kùn lóru, ẹ má tì í mọ́ yàrá kan kó lè mọ́ ọn lára. Ẹ̀rù ló sábà máa ń bà á, kì í ṣe oríkunkun.

Ẹ gbé ibùsùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín fún alẹ́ 3 sí 5. Lẹ́yìn náà, ẹ máa sún un díẹ̀díẹ̀, bí ìdajì mítà lálẹ́ kan, títí á fi dé ibi tí ẹ fẹ́. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí ké, ẹ ti yára jù nìyẹn: ẹ dá a padà síbi tó ti sùn dáadáa kẹ́yìn, kó lo alẹ́ 2 síbẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú.

Ẹ tẹ́ aṣọ tí ẹ ti wọ̀, tí ẹ kò tíì fọ̀, sórí ibùsùn rẹ̀. Òórùn yín á fi í lọ́kàn balẹ̀. Kó tọ̀ kó tó sùn o. Ajá àgbà tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí ńkọ́? Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un lọ. Ó lè jẹ́ ìrora.