Bí mo ṣe lé àwọn plugin tó ti kú kúrò nínú REAPER mi

Òkun o, ẹ̀yin ará. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí nǹkan yìí ti ń dà mí láàmú. Mo ti yọ plugin trial kan (app kékeré tí wọ́n ń so mọ́ app orin, tí mo kàn fi dánwò) kúrò lórí láàpútọ́ọ̀pù mi, síbẹ̀ gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ fi reverb (ìró bíi ti inú gbọ̀ngàn ńlá) sóhùn kọ́áyà wa ní Kabba níbí, orúkọ ẹ̀ á tún yọjú nínú list plugin REAPER, app tí mo fi ń gba orin sílẹ̀, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ kò ní ṣí. Mo yọ REAPER fúnra ẹ̀ mo tún dá a padà, pàbó, dátà ni mo kàn fi ṣòfò.

Àṣé plugin yẹn ò kó gbogbo ẹrù ẹ̀ lọ. Mo wọ C:\Program Files\Common Files\VST3, fáìlì .vst3 méjì, ìyẹn fáìlì plugin yẹn, ṣì jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí ò fẹ́ lọlé. Mo gé wọn lọ sí Desktop ná, mi ò pa wọ́n rẹ́, torí tó bá jẹ́ èyí tí mò ń lò ni mo ṣèèṣì mú ńkọ́? Àwọn VST2, irú plugin ti àtijọ́ tí fáìlì wọn jẹ́ .dll, fódà tiwọn yàtọ̀, ẹ wo ibẹ̀ náà.

Ó wá ku REAPER: Options, Preferences, ẹ lọ sísàlẹ̀ níbi Plug-ins, VST, kẹ́ ẹ ní kó clear cache (kó pa àkọsílẹ̀ plugin tó ti fi pamọ́ rẹ́) kó tún scan, ìyẹn kó wá àwọn plugin, látìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo ti ń sáré tẹ́lẹ̀ nìyẹn, mo kàn ń scan láì clear nǹkan kan.

List ti mọ́ báyìí. Àmọ́ orin àtijọ́ tẹ́ ẹ bá ti lo plugin yẹn sí á máa pariwo pé òun ò rí i, ẹ render orin náà (ẹ sọ ọ́ di fáìlì ohùn) kẹ́ ẹ tó yọ plugin o, èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀.