Pálọ̀ Tó Parọ́rọ́ àti Igun Ìkàwé: Bí A Ṣe Ń Tò Ó Nílé Wa ní Ìlọrin

Àga ló sábà máa ń ba pálọ̀ jẹ́ ní Ìlọrin. Wọ́n á to àga ńláńlá yí ògiri ká, tẹlifíṣọ̀n á jókòó síwájú, tábìlì àárín á gba ìyókù ilẹ̀. Àlejò mẹ́wàá á rí ibi jókòó, ṣùgbọ́n onílé tó fẹ́ kàwé fún ogún ìṣẹ́jú á lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má tíì lọ sọ́jà. Ẹ kọ́kọ́ wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ ilé yín, kí ẹ fi ibẹ̀ yan ibi tí àga kan ṣoṣo máa wà, ìyẹn àga ìkàwé. Ibi tó bá wà ni gbogbo nǹkan yòókù máa tẹ̀ lé.

Ibi tí àga máa wà

Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, aago kan ọ̀sán àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ fi sàmì síbi tí oòrùn bá ràn dé nílẹ̀ pálọ̀. Fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ sá fún. Láti nǹkan bí aago méjì ni oòrùn á ti máa rọra wọlé síbẹ̀, títí yóò fi wọ̀, àti pé nínú ooru oṣù kẹta kò sẹ́ni tó lè jókòó síbẹ̀. Ó tún máa ń ṣá ẹ̀yìn ìwé àti aṣọ àga. Fèrèsé ìlà-oòrùn dára fún ẹni tó ń kàwé láàárọ̀. Èyí tó dára jù lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni fèrèsé àríwá, torí pé ọwọ́ gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá lójú ọ̀run lákòókò yẹn, ìmọ́lẹ̀ á wọlé láìjẹ́ pé oòrùn fúnra rẹ̀ wọlé.

Ẹ̀gbẹ́ àga ni kó kọ sí fèrèsé. Bí ẹ bá kọjú sí i, ojú á máa ro yín. Bí ẹ bá kẹ̀yìn sí i, òjìji yín á bo ìwé mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni kí fèrèsé wà. Kí àga jìnnà sí fèrèsé tó fíìtì méjì sí mẹ́ta, kí òjò tó bá gba ojú lúfà wọlé má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ilé amọ̀ àtijọ́ lápá Ọ̀ffà àti Òmù-Àrán yàtọ̀ díẹ̀. Ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré, ìmọ́lẹ̀ kì í rìn jìnnà nínú rẹ̀. Níbẹ̀, ẹ gbé àga sún mọ́ fèrèsé ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì gbàgbé pẹpẹ tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri: ìṣó kì í dúró nínú amọ̀. Pẹpẹ tó ń dá dúró nílẹ̀ ni kí ẹ ṣe, kí ẹ sì kan irin kọ́tìnnì mọ́ férémù igi ojú fèrèsé.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ibi ìkàwé náà ni ibi ìkírun. Kò burú, wọ́n bá ara wọn mu. Láti Ìlọrin, Kíbílà wà lápá ìlà-oòrùn, ó sì fì díẹ̀ sí àríwá. Ẹ fi àyè fíìtì 2 àbọ̀ sí fíìtì 4 sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó máa kírun, kí ẹ má sì gbé dígí tàbí fọ́tò kọ́ sápá ibẹ̀. Bí ẹ bá ní ìjókòó Àl-Kùránì onígi tó ń ṣí bí àlùmọ́gàjí, ẹ wá àyè fún un lórí pẹpẹ òkè pátápátá, má fi í sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ti ń kọjá.

Kíkó ẹrù jáde

Ẹ kó gbogbo ohun tó ṣeé gbé jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, kí ẹ wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà kọjá kò gbọdọ̀ dín sí ínṣì 30. Láàárín àga àti tábìlì, ínṣì 16 sí 18 tó: bó bá kéré sí i, orúnkún á máa gbá a, bó bá jù bẹ́ẹ̀, èèyàn á máa nà kó tó mú ife rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù síta nígbà tí àyè wọ̀nyí ti pé, kì í ṣe ti pálọ̀. Ẹ fún ẹlòmíràn, tàbí kí ẹ tà á. Ẹ̀dùn ọkàn pọ̀ níbí, pàápàá lórí àga tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó.

Ọ̀dà

Ẹ jẹ́ ká fi pálọ̀ fíìtì 12 sí 12 ṣe ìṣirò, tí ògiri rẹ̀ ga ní fíìtì 10, tó ní ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì. Ògiri tó ṣẹ́kù fún ọ̀dà jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 40. Lítà kan ọ̀dà emulsion tó dára máa ń kárí nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 10 lẹ́ẹ̀kan lórí ògiri tó dán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ kùn ún.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ pín ògiri sí méjì. Láti ilẹ̀ dé fíìtì 3, ẹ lo ọ̀dà satin tó dúdú díẹ̀, bí àwọ̀ ìkòkò amọ̀. Gálọ̀nù lítà 4 kan tó o. Lókè rẹ̀, ẹ lo emulsion àwọ̀ kírímù tàbí ewé fẹ́ẹ́rẹ́, gálọ̀nù méjì. Kí àjà funfun. Ìdí ni pé ìsàlẹ̀ ògiri ni eruku pupa ìlú wa, ọwọ́ ọmọdé àti ìpara orí ẹni tó ń fẹ̀yìn tì í máa ń bà jẹ́. Satin ṣeé fi aṣọ tútù nù. Emulsion ní tirẹ̀, bí ẹ bá ti nù ún nígbà mẹ́ta, ojú rẹ̀ á ti ṣí.

Kí ẹ tó ra gbogbo rẹ̀, ẹ ra èyí tó kéré jù, kí ẹ kùn ún ní fíìtì 2 sí 2 sára ògiri, kí ẹ wò ó lọ́sàn-án, kí ẹ tún wò ó lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù tiyín. Kírímù tó rẹwà ní ṣọ́ọ̀bù lè dà bí omi ọ̀sàn lálẹ́.

Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ọ̀dà bá ń wú bí ọwọ́ tí iná jó, omi ló wà nínú ògiri. Ẹ wá ibi tó ti ń wọ̀ ọ́, bóyá láti orí òrùlé tàbí láti ìpìlẹ̀, kí ẹ tó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì.

Gílóòbù

Gílóòbù funfun gbòò tó kún ọjà máa ń jẹ́ 6500K (K yìí ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀). Ó dára fún ilé ìdáná àti ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí pálọ̀ dà bí ọsibítù. Ẹ béèrè fún èyí tó pọ́n díẹ̀, 2700K sí 3000K. Ara páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí. Gílóòbù LED wáàtì 9 méjì tó pálọ̀ tí a ń sọ yìí. Lẹ́yìn èyí, àtùpà ìkàwé kan, wáàtì 5 sí 7, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká, kí etí ìsàlẹ̀ ìbòrí rẹ̀ wà ní bíi ínṣì 40 sí 42 sílẹ̀, ìyẹn ibi tí ojú ẹni tó jókòó wà. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀, gílóòbù á máa wọ̀ yín lójú.

Nítorí Nẹ́pà, ẹ ra àtùpà tí a lè ṣáájì sílẹ̀, kí ó jẹ́ irú ìmọ́lẹ̀ pípọ́n kan náà. Bí iná bá lọ, tí ìmọ́lẹ̀ funfun kan tàn lójijì, ọkàn ẹni tó ń kàwé ti dàrú nìyẹn. Kí sọ́kẹ́ẹ̀tì sì má jìnnà sí àga ju fíìtì 5 lọ, kí wáyà má baà dábùú ọ̀nà.

Kọ́tìnnì

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí irin kọ́tìnnì ṣe déédéé fèrèsé. Ẹ gbé e ga ju orí fèrèsé lọ ní ínṣì 4 sí 6, kí ó gùn ju fèrèsé lọ ní ínṣì 8 lápá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ bá fà á, kò ní bo dígí mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á wọlé tán, fèrèsé á sì dà bí ẹni pé ó tóbi sí i.

Fífẹ̀ aṣọ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Fún fèrèsé fíìtì 4, irin á jẹ́ fíìtì 5 àti ínṣì 4. Aṣọ tó fẹ̀ ní ínṣì 60, ẹ lo fífẹ̀ rẹ̀ méjì. Bí irin bá wà ní fíìtì 7 àbọ̀ sílẹ̀, tí a bá fi ìṣẹ́po òkè àti ìsàlẹ̀ kún un, yáàdì 5 àbọ̀ ló máa gbà. Ẹ ra 6, torí aṣọ òwú máa ń sún kì nígbà àkọ́fọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Kí etí rẹ̀ jìnnà sílẹ̀ ní ìdajì ínṣì. Èyí tó ń wọ́ nílẹ̀ rẹwà nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n lásìkò ọyẹ́ ìgbálẹ̀ ló dà.

Pẹpẹ ìwé

Pákó ínṣì 1 sí 12, tó gùn ní fíìtì 12, méjì péré lẹ nílò. Ẹ ra ọ̀gánwó tàbí ìrókò. Àrẹ̀rẹ̀ fúyẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ gbé pákó náà wò: èyí tó wúwo ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá kàn án bẹ́ẹ̀, á lọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ to pákó tútù sábẹ́ òjìji, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ pín wọn kí atẹ́gùn lè wọ àárín wọn, títí wọ́n á fi gbẹ.

Pákó àkọ́kọ́: ẹ gé ínṣì 48 méjì fún ẹ̀gbẹ́ òsì àti ọ̀tún, àti ínṣì 28 kan. Pákó kejì: ẹ gé ínṣì 28 mẹ́rin. Ìyẹn jẹ́ ojú pẹpẹ márùn-ún. Ẹ má ṣe é gùn ju ínṣì 30 lọ, torí ìwé tó kún ojú pẹpẹ kan lè wọn kìló 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀, pákó ínṣì kan á sì tẹ̀ láàárín. Pẹpẹ tó ti tẹ̀ kì í padà nà.

Ẹ gbé ti ìsàlẹ̀ kúrò nílẹ̀ ní ínṣì 3, nítorí omi ìfọlẹ̀ àti ikán. Ẹ fi ínṣì 13 sílẹ̀ lókè rẹ̀ fún ìwé ńlá àti fáìlì, kí mẹ́ta yòókù jẹ́ ínṣì 9 kọ̀ọ̀kan. Ẹ lu ihò kéékèèké sílẹ̀ kí ẹ tó fi súkúrù ínṣì 2 dè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrókò á là. Súkúrù mẹ́ta ní orí kọ̀ọ̀kan, ọgbọ̀n lápapọ̀. Ẹ fi pílàìwúùdù fẹ́lẹ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí pẹpẹ máa mì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ kun òògùn ikán sí i níta, pàápàá orí ibi tí ayùn gé, kí ẹ fi sílẹ̀ títí òórùn rẹ̀ á fi lọ kó tó wọlé.

Má jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri ìta. Ní oṣù keje sí ìkẹsàn-án, ọ̀rinrin ògiri á jẹ́ kí funfun hù sára ìwé. Ẹ fi igi ínṣì 2 pín wọn, kí ẹ wá fi irin kékeré de òkè pẹpẹ mọ́ ògiri bulọ́ọ̀kù gba inú igi náà, torí ọmọ tó bá gun un.

Ìjókòó àti ohun ọ̀ṣọ́

Kí ìjókòó àga ga ní ínṣì 17 sí 18, kí ó ní apá. Tìmùtìmù awọ ínṣì 12 sí 14 ló dára fún ẹsẹ̀. Bí àgbà kan bá wà nílé tó fẹ́ràn àti máa jókòó sílẹ̀ kàwé, ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ gbé fóòmù ínṣì 4 lé e. Ẹ fi ìkúùkù tẹ fóòmù náà lọ́jà: bí ìkúùkù bá kan tábìlì lábẹ́ rẹ̀, ẹ dá a padà.

Aṣọ òkè tó ṣẹ́kù láti òde ìgbéyàwó ni ìrọ̀rí tó bá ìlú yìí mu jù. Fún ìrọ̀rí ínṣì 16, bí ojú aṣọ bá fẹ̀ ní ínṣì 4, ẹ gan márùn-ún pọ̀, kí kọ̀ọ̀kan gùn ní ínṣì 17. Aṣọ òwú lásán ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ yẹra fún èyí tó ní òwú dídán: ó máa ń họ èèyàn lọ́rùn. Ìrọ̀rí méjì tó fún àga kan.

Ìkòkò amọ̀ tí àwọn obìnrin ń mọ ní agbo ilé Dàda, ní Òkèlele, dára nígun ilé, ṣùgbọ́n ó máa ń làágùn bí omi bá wà nínú rẹ̀. Ẹ fi àwo sábẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fi òrùka dúdú sílẹ̀ lórí pákó. Fún ewé inú ilé, ojà ìkokò tó. Ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Omi púpọ̀ ló ń pa á, kì í ṣe òǹgbẹ. Kí ọwọ́ ọmọ tó ń rá má tó o.

Kí ọyẹ́ tó dé

Ní ìparí oṣù kẹwàá, ẹ fọ néètì fèrèsé. Tí eruku bá ti dé, ẹ má fi ìgbálẹ̀ lé e kiri, aṣọ tútù tí ẹ ti fún dáadáa ni kí ẹ lò, láti òkè wá sílẹ̀: orí irin kọ́tìnnì, orí pẹpẹ, apá àga, ilẹ̀ ló kẹ́yìn. Ìwé ní tirẹ̀, aṣọ gbígbẹ ni, kí ẹ dì í mú ní pípadé kí eruku má baà bọ́ sáàárín ojú ewé. Kápẹ́ẹ̀tì onírun gígùn, ẹ ká a kúrò nílẹ̀ títí di oṣù kẹta, kí ẹ tẹ́ ẹní sí ipò rẹ̀.