Bí a ṣe ń fi fọ́ńgọ́ọ̀sì sọ kùùkù àgbàdo di ṣúgà fún iléeṣẹ́

Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, àgọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Erékùṣù Solomon kàn ń jẹrà ṣáá. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń jẹ òwú ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Trichoderma reesei, tí wọ́n fi orúkọ onímọ̀ Elwyn Reese sọ. Ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń gé nǹkan sí wẹ́wẹ́) tó fi ń ba àgọ́ jẹ́ yìí ni iléeṣẹ́ ń fi sọ pàǹtí oko di ṣúgà lónìí.

Ẹ sá kùùkù àgbàdo kó gbẹ, kí ẹ lọ̀ ọ́ kó rí bíi gààrí.

Ìpele tó kàn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ṣe jù. Lignin, èròjà tó ń mú igi le, ló bo cellulose mọ́lẹ̀, ìyẹn okùn tínínrín inú kùùkù tí ṣúgà so pọ̀ di. Bí a kò bá tú u, ẹ́ńsáìmù olówó ńlá kò lè rí nǹkan jẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Kọ́sítíìkì tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò ni kí ẹ wá, gíráàmù 20 sí lítà omi 1, lítà 10 fún kílò kùùkù kan. Inú omi ni kí ẹ máa da kọ́sítíìkì sí díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé kọ́sítíìkì lórí, ó lè ta sí i lójú. Ẹ sè é fún bíi wákàtí 1. Ẹ má lo ìkòkò sílífà o, kọ́sítíìkì á jẹ ẹ́. Omi dúdú tó ń jáde yẹn, lignin ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣan kùùkù náà títí bébà pH, tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn, yóò fi sún mọ́ 7.

Yàrá ìwádìí ni kí ẹ ti gba fọ́ńgọ́ọ̀sì, kì í ṣe ara àgbàdo tó bu nílé. Trichoderma tó gbó máa ń ní àwọ̀ ewé. Aspergillus flavus, tó ń pèsè májèlé aflatoxin, náà ní in. Ẹ rin èérí àlìkámà títí tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, tó dì mọ́ra láìkán. Ẹ fi ooru 121°C pa kòkòrò inú rẹ̀, kó tutù, kí ẹ gbin fọ́ńgọ́ọ̀sì sí i, kó wà ní 28 sí 30°C fún ọjọ́ 5 sí 7. Ẹ bu omi sí i, ẹ pò ó, ẹ sẹ́ ẹ: omi yẹn ni ẹ́ńsáìmù wà. Trichoderma kò fi bẹ́ẹ̀ ní beta-glucosidase, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe ìgé ìkẹyìn tó sọ cellulose di ṣúgà glucose, nítorí náà wọ́n máa ń fi ti fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn, Aspergillus niger, kún un.

Ẹ da ẹ́ńsáìmù sórí kùùkù, ẹ fi citric acid mú pH wá sí nǹkan bíi 5, kí ooru jẹ́ 50°C, kí ẹ máa rò ó fún wákàtí 48 sí 72. Bó bá kọjá 60°C, agbára ẹ́ńsáìmù á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ẹ bu díẹ̀, ẹ sè é pẹ̀lú omi Benedict, omi aláwọ̀ aró tí wọ́n fi ń dá ṣúgà mọ̀. Bí aró rẹ̀ bá pọ́n bíi bíríkì, ṣúgà ti wà níbẹ̀.

Ẹ sẹ́ ẹ, kó tutù dé 30°C, kí ẹ fi yíìsì sí i kó di ethanol (ọtí). Ṣúgà kan á ṣẹ́ kù, ẹ má rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́: xylose ni, yíìsì búrẹ́dì kì í jẹ ẹ́. Àwọn tó ń ṣe xylitol, èròjà adùn inú ṣingọ́ọ̀mù, ló ń wá irú rẹ̀.