Àṣìṣe Àwọn Tí Iṣẹ́ Ń Gbé Kiri: Ọ̀nà Tí Ẹ Ń Gbà Wọlé Ló Ń Dá Ìjà Sílẹ̀

Tí ẹ bá dé ibùdókọ̀ Maraba tàbí Gàréèjì Ọ̀fà n'Ílọrin níbí láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ ó rí wọn: ẹni tí iléeṣẹ́ rán lọ sí Àbújá, oníṣòwò tó ń lọ kó ọjà l'Ékòó, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń padà síbi tí wọ́n gbé e lọ nígbà tí ìyàwó àtọmọ ṣì wà ní Tanke tàbí Ọ̀mù-Àrán. Ìlọrin wà lójú ọ̀nà tó ti Èkó gba Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tó tún gba Jẹ́bà lọ sókè Ọya, nítorí náà àjò kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé àwọn tí ilé wọn ń dàrú kì í sábà jẹ́ àwọn tó ń rìn jù. Àwọn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé padà ni.

Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn, ẹ jẹ́ n pẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀. Ọkùnrin kan á ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lóde. Lọ́jọ́ tó bá dé, kò tíì bọ́ bàtà tán tó ti gbójú sókè wo mítà iná. "Àbí ẹ kì í paná nínú ilé yìí ni? Owó tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdé ńkọ́?" Yóò ṣí fíríìjì, yóò pa á dé. Yóò bi àbúrò ìyàwó pé ìgbà wo ló ń lọ. Tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ọmọ ń wò, á yí i sí ìròyìn. Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo ilé ti dákẹ́ rọ́rọ́, ọmọ tó ń fò sókè pé "Bàbá ti dé!" ti rọra wọ yàrá lọ.

Kò burú kéèyàn béèrè owó iná o. Ṣùgbọ́n ilé yẹn ti ń rìn kí ó tó dé. Ìyá wọn mọ ẹni tó ń mú àbíkẹ́yìn lọ sí ilé kéú, ó mọ ìgbà tí wọ́n ń sùn, ó mọ iye tí wọ́n jẹ aláṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀. Ẹni tó já wọlé tó ní kí gbogbo rẹ̀ yí padà, tó sì tún ń lọ ní Mọ́ńdè, ọjọ́ méjì ló fi tú ohun tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì tò. Nígbà tó bá lọ tán, ìyá wọn á tún bẹ̀rẹ̀ látorí òdo.

Ẹ fi alẹ́ ọjọ́ tí ẹ dé sílẹ̀. Ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, kí ẹ jókòó ti àwọn ọmọ nídìí ohun tí ẹ bá wọn tí wọ́n ń ṣe, ì báà jẹ́ iṣẹ́ àṣetiléwá. Lọ́jọ́ kejì, ẹ bi ìyá wọn ohun tó yí padà lẹ́yìn yín, kí ẹ tó dárúkọ èyí tí ẹ fẹ́ kó yí padà. Ọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ sí ilé kéú ní Sátidé ná.

Ẹlòmíràn á ní ṣebí ilé làbọ̀ sinmi oko. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ló wà lóko? Obìnrin tó dá jí ọmọ, tó dá wẹ̀ wọ́n, tó dá kó wọn lọ sílé ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, òun náà ń retí ẹni tí yóò bá a sọ ẹrù. Ọkùnrin dé, ó ń retí kí wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ òun. Ìjà ti dé nìyẹn, ẹ ò sì ní gbọ́ ohun tó fà á gan-an, torí orí ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó ni wọn yóò jà á sí.

Ẹ̀yin ìyá tó wà nílé náà, ẹ ní tiyín. "Jẹ́ kí bàbá yín dé!" Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu, èmi ò sì rí èyí tó ń ba bàbá àtọmọ jẹ́ tó o. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó da kúnú sórí kápẹ́ẹ̀tì ní Túsìdé, tí wọ́n wá ń nà ní Jímọ̀, kò rántí kúnú mọ́. Ohun tó máa rántí ni pé bàbá dé, pàṣán dé. Ẹ yanjú ẹ̀ṣẹ̀ Túsìdé ní Túsìdé.

Tó bá kan fóònù, bàbá tó ń pè lójoojúmọ́ tó sì ń béèrè ohun kan náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹni tí kò pè. "Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ lọ sílé ìwé? Gbé e fún ìyá ẹ." Ó parí. Ẹ bi ọmọ náà pé súrà wo ni wọ́n dé ní ilé kéú, kó sì kà á sí yín létí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dáa, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí WhatsApp kí wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó sùn.

Ẹ má ṣe yọ́ jáde láàárọ̀ kùtù nítorí pé ẹ ò fẹ́ kí ọmọ sunkún. Ẹ jí i, ẹ sọ fún un. Ẹ má sì fi wákàtí ṣèlérí fún un. Tírélà kan ṣoṣo tó bá ṣubú láàárín Jẹ́bà àti Bódè Sáàdú tó láti sọ ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ yín di ọ̀sán Sátidé. Èyí tó léwu jù ni kí ẹ torí ìlérí fi òru rìn. Tí ẹ bá sì ń ti Àbújá gba Lọ́kọ́jà bọ̀, ọ̀nà tó ti Ẹ̀gbẹ́ gba Erúku wọ Ọ̀mù-Àrán kì í ṣe ọ̀nà téèyàn ń fi òru dán wò lásìkò àwọn ajínigbé yìí. Ẹ sùn sí Lọ́kọ́jà, kí ẹ pe ilé.

Àwọn kan á gbéra lọ láìsọ ibi tí ìwé ilé wà, láìfi owó pàjáwìrì sílẹ̀. Ọmọ á wá gbóná lóru. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, Oke-Ose ló wà, ẹni tó ń gbé Tanke á la ìlú kọjá kó tó débẹ̀. Ta ni yóò gbé wọn ní aago méjì òru? Ẹ bá aládùúgbò kan tó ní mọ́tò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ìyàwó yín ní nọ́ńbà rẹ̀, kí aládùúgbò náà sì mọ̀ pé wọ́n lè pe òun.

Tó bá wá jẹ́ pé obìnrin ló ń rìn, gbogbo ẹnu á ṣí. Òun fúnra rẹ̀ á ti se oríṣi ọbẹ̀ mẹ́rin sínú fírísà kó tó lọ, àfi bí ẹni pé ọkọ òun kò ní ọwọ́. Iná á lọ fún ọjọ́ méjì, ilá á kan, ẹ̀gúsí á dọ̀fọ̀, bàbá àtàwọn ọmọ á wá máa jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ àtalẹ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ yé se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀. Ẹ fi ibi tí ata àti epo wà hàn án. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má sì sá lọ kó gbogbo ọmọ jù sí ìyá yín lọ́rùn ní Ọjà Ọba. Ẹni ọdún àádọ́rin ti tọ́ tiẹ̀ tán.

Ti àwọn tó ń fẹ́ ìyàwó sí ìdálẹ̀ láìwí fún ará ilé, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.

Èyí tó kù ni gbígba gbogbo àjò tí wọ́n bá fi lọ̀ yín. Ẹ kọ àwọn ọjọ́ tí kò ṣeé fi tàfàlà sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún, Iléyá, wòlímọ̀ ọmọ, ọjọ́ tí iléèwé ń pe òbí, kí ẹ fi han ọ̀gá yín. Ọ̀gá tó gbọ́ ní oṣù méjì ṣáájú lè fi ẹlòmíràn rọ́pò yín. Èyí tó gbọ́ nígbà tí ó ku ọ̀la kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ ń sáré gba àjò, bóyá nítorí alawáǹsì, bóyá nítorí pé inú ilé ti ń gbóná, ẹ sọ èyí tó jẹ́ fún ìyàwó yín kí ẹ tó gba òmíràn.